Mo Yí Iye Èkùrọ́ Padà, Mo Ní Kọ̀ǹpútà Ni

"Ẹ máa lọ, wọ́n ń dúró dè yín."

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa ní Igbotako. Ó fi ọwọ́ kan tẹ àyà rẹ̀, ó ń fi èkejì wá bàtà rẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí. Mo bi í pé ṣé kí n dúró. Ó ní kí n máa lọ.

Mo lọ.

Orúkọ mi ni Olúsọjí. Orúkọ rẹ̀ ni Eunice. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi jẹ́ tọkọtaya, a sì bí ọmọ kan, Gideon. Epo pupa ni iṣẹ́ wa. Òun ń ṣe é ní Iyansan, lórí ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fún un. Èmi ń tà á. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò tíì lè jókòó sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sí ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí.

Ẹgbẹ́ àwa tí ń ṣe epo wà ní ìlú mẹ́ta: Ìkọ̀yà, Igbotako àti Iyansan. Èmi ni akọ̀wé, nítorí pé mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára.

Lọ́dún tó kọjá, a gbé iṣẹ́ fún ọmọbìnrin kan ní Òkìtìpupa tó ń jẹ́ Òkìkíolúwa, pé kó ṣe áàpù fún wa, ìyẹn ètò tí a ó máa lò lórí fóònù. Ó wá sí ìpàdé wa, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ohun mọ́kànlá lẹ ní kí n fi sínú rẹ̀," ó wí. "Èmi àti ẹnì kejì mi ò lè ṣe ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ kí áàpù tó kọ́kọ́ jáde. Ìyókù á tẹ̀lé e nígbà tó bá yá. Kí la ó kọ́kọ́ ṣe?"

Gbogbo wa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ó ní ohun kọ̀ọ̀kan ní iye ọ̀sẹ̀ tí yóò gbà. A ó gbé abọ́ mọ́kànlá kalẹ̀, abọ́ kan fún ohun kan. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba èkùrọ́ mẹ́wàá, yóò pín in sínú àwọn abọ́ náà bí ọkàn rẹ̀ ṣe fẹ́. Tí a bá ti ka èkùrọ́ tán, kọ̀ǹpútà yóò wo gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà to ohun mọ́kànlá náà pọ̀. Ó ní ọ̀nà náà ju ẹgbẹ̀wá lọ. Yóò mú àwọn tó tẹ́ èèyàn lọ́rùn jù, tí kò sì kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

"Tó bá ti mú wọn, ó parí nìyẹn?" Alága wa, Bàbá Philemon, ló bèèrè.

"Kò tíì parí, sà. Ètò mẹ́ta ló máa gbé jáde. Ẹ̀yin lẹ máa wò wọ́n, tí ẹ ó sọ èyí tó wù yín àti èyí tó dùn yín. Màá fi ọ̀rọ̀ yín sínú rẹ̀, á sì tún un tò. Ìṣirò ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Kò mọ ohun tó ń dun ẹnikẹ́ni, àfi tí ẹ bá sọ fún un."

"Ìyàwó tuntun nìyẹn," Bàbá Philemon wí. "O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ irú ọbẹ̀ tí o fẹ́ fún un."

Wọ́n ní èmi ni kí n gbé abọ́ kiri. Kí n ka èkùrọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan lójú wọn, kí n kọ iye rẹ̀ sórí ìwé, kí n ya fọ́tò ìwé náà, kí n fi ránṣẹ́ sí Òkìkíolúwa.

Ní Ìkọ̀yà àti Igbotako, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wa. Ohun tí a fẹ́ ni ojú ewé iye epo. Àwọn tó ń wá láti Èkó ra epo yóò máa rí iye tí à ń tà á lórí fóònù wọn, wọn yóò sì rí fọ́tò àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè. Bàbá Philemon ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé akọ̀wé ni wọ́n máa pè. Èmi nìyẹn.

Ní Iyansan, ọ̀tọ̀ ni. Obìnrin mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pè mí ní akọ̀wé. Ọkọ Eunice ni mí.

"Ọkọ Eunice, ṣé kọ̀ǹpútà yín ń jẹ èkùrọ́ ni?" Judith, ọ̀kan nínú wọn, ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Iye rẹ̀ nìkan ló ń jẹ."

"A jẹ́ pé ó lóye ju ewúrẹ́ wa lọ."

Apá ọ̀tún Judith ti bó láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Epo gbígbóná ló dà sí i ní oṣù Kẹta ọdún náà. Àwọn obìnrin kígbe títí ohùn wọn fi há. Wákàtí méjì gbáko kí ọlọ́kadà kan tó kọjá. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń bèèrè ohun tí wọ́n ń pè ní aago. Èèyàn yóò tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀kan, fóònù yóò sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ọlọ́kadà ẹgbẹ́ wa tó wà nítòsí pé ẹnì kan wà nínú ewu, àti ibi tó wà. Kò ní gba dátà.

Eunice kó èkùrọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rẹ̀ sínú abọ́ aago. Ó ń sọ ọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe tán, ó wò mí.

"Ẹ kọ ọ́ dáadáa o, Bàbá Gideon."

Mo kà á lójú wọn. Aago, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Iye epo, méje. Àwọn yòókù pín ohun tó kù.

Mo ń bọ̀ wálé nígbà tí Bàbá Philemon pè mí. Mo ní kí ọlọ́kadà dúró.

"Kí làwọn obìnrin yẹn mú?"

Mo sọ fún un.

Ó mí kanlẹ̀. "Akọ̀wé, aago yẹn á ti ojú ewé iye epo di ọdún tó ń bọ̀. Ṣebí Disẹ́ńbà làwọn ará Èkó ń wá. Ta ni wọ́n máa pè? Fọ́tò ta ni wọ́n máa rí?"

"Ohun tí wọ́n mú nìyẹn, sà."

"Mi ò ní kí o purọ́. Mo ní kí o ronú."

Mo ronú. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ronú. Mo rí fọ́tò mi lójú fóònù àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí. Mo rí i pé wọ́n ń bèèrè Olúsọjí, kì í ṣe ọkọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo délé, mo mú ìwé mìíràn, mo tún gbogbo rẹ̀ kọ. Níwájú aago, mo kọ méje. Níwájú iye epo, mo kọ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Mi ò fi èkùrọ́ kan kún un, mi ò yọ ọ̀kan kúrò. Àròpọ̀ rẹ̀ pé. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́. Mo ju ìwé àkọ́kọ́ sínú iná tí Eunice fi ń se iṣu.

Mo ń sọ fún ara mi pé aago máa jáde lẹ́ẹ̀kejì. Pé ìdádúró díẹ̀ ni. Pé kò sí ohun tí mo jí.

Lọ́jọ́ kẹrin, Òkìkíolúwa pè mí.

"Bàbá Gideon, ètò mẹ́ta ti jáde. Aago ò sí nínú ìkankan. Iyansan yà mí lẹ́nu. Ṣebí àwọn ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ aago wá?"

"Wọ́n yí ọkàn padà," mo wí.

"Kò burú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún wọn kí wọ́n wò ó. Tí a bá ti ṣì wọ́n gbọ́, ibẹ̀ la ti máa mọ̀."

Ẹ rí i, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ fún mi. Mo gbé ètò náà lọ sí Ìkọ̀yà. Mo fi han àwọn ará Igbotako. Òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ní ọ̀nà Iyansan ti bàjẹ́. Eunice ń gba ọ̀nà yẹn lọ, ó ń gbà á bọ̀, ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: Iyansan, ètò kìn-ín-ní tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Kí ni kọ̀ǹpútà wí nípa tiwa?"

"Ó ní tiyín gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ jù."

"Mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Ti iye epo ńkọ́?"

"Mẹ́rin."

Ó dáwọ́ dúró. "Ṣé mẹ́ta ti wá ju mẹ́rin lọ ni?"

"Eunice, ìṣirò inú rẹ̀ jinlẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a lè fi ìka kà."

Ó ju òkúta kan sẹ́yìn ilé.

"Tó bá jẹ́ èèyàn ló wí bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti bá a jà."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ̀ wá rí. Kò lè kórìíra wa. Màá bá wọn sọ ọ́."

Ó sì bá wọn sọ ọ́. Ẹnu ìyàwó mi ni irọ́ mi fi dé Iyansan. Tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè. Wọn ò bi í. Ọmọ wọn ni.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kọkànlá ni áàpù jáde. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Igbotako la ti ṣe é. Ọjọ́ náà ni Eunice sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ méjì ṣáájú ló ti ń sọ pé nǹkan ń fún òun láyà. Mo ní kó má lọ síbi iṣẹ́. Ó ní èso ọ̀pẹ tí àwọn sè lánàá máa bàjẹ́.

Fóònù mi ni wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, nítorí pé èmi ni fọ́tò mi wà nínú rẹ̀.

"Ẹ pa ohùn rẹ̀, Bàbá," Òkìkíolúwa wí, "ẹ jẹ́ kí ìpè má hàn lójú rẹ̀, kó má baà dí wa lọ́wọ́."

Mo pa á.

Ojú mi hàn lára ògiri, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Akọ̀wé, ìgbà wo lo fẹ́ du ipò gómìnà?" A rẹ́rìn-ín. Obìnrin mẹ́jọ láti Iyansan wà níbẹ̀, àwọn náà pàtẹ́wọ́. Judith kò wá. Àwọn yòókù ti lọ sóko.

Nígbà tí wọ́n dá fóònù padà fún mi, ìpè mẹ́rin ni mo bá lórí rẹ̀. Eunice ni gbogbo rẹ̀. Àkọ́kọ́ wọlé ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgbẹ̀yìn ní aago mẹ́wàá ààbọ̀.

Mo pè é padà. Judith ló gbé e.

"Ẹ máa bọ̀."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ máa bọ̀, ọkọ Eunice."

Ẹ̀gbẹ́ dírọ́ọ̀mù omi níbi iṣẹ́ wọn ní Iyansan ni Judith ti bá a nígbà tó ti oko dé. Ó ti kú. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́ tipẹ́. Mo bi í pé tí wọ́n bá tètè gbé e dé ńkọ́. Ó ní òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lẹ́yìn tí a sin ín, ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Jethro wá bá mi. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí," ó wí. "Èmi àti ẹnì kejì mi jókòó sí oríta Iyansan lọ́jọ́ yẹn, à ń ta dráfù láti àárọ̀. Láti ibẹ̀ sọ́dọ̀ wọn ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí ẹni tó pè wá."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá.

Ní oṣù Kìn-ín-ní, Òkìkíolúwa bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀dà kejì áàpù náà. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló lọ sí Iyansan. Ó pè mí nígbà tó dé.

"Bàbá, ẹ má bínú pé mo ń dà yín láàmú nínú ọ̀fọ̀. Àwọn ìyá yẹn ní aago làwọn kó èkùrọ́ sí, pé àwọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fún iye epo ní nǹkan kan. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo tẹ iye méjèèjì sí ipò ara wọn." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Mi ò lè jẹun, sà. Mò ń ronú nípa Màmá Gideon."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

"Má dá ara ẹ lẹ́bi jù," mo wí.

Ohun tí mo sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jẹ́ kó ru ẹ̀bi mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó ní kí ẹgbẹ́ pàdé ní Iyansan. A jókòó sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń ṣa èso ọ̀pẹ. Obìnrin mẹ́tàlá. Ìyá Eunice náà wà níbẹ̀, Màmá Dora, lórí ìjókòó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Bàbá Philemon jókòó tì mí.

Òkìkíolúwa kúnlẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ìyá mi. Àṣìṣe mi ni. Èmi ni mo tẹ iye tiyín sí òdì. Aago yín ì bá ti..."

Mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Bàbá Philemon rọra fi orúnkún rẹ̀ kan tèmi. Ó fẹ́ kí n dákẹ́. Kò yẹ kó ṣe wàhálà, mo ti dákẹ́.

"Dìde, ọmọ mi," Judith wí. "Ìwọ kọ́ lo ka èkùrọ́. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ dà?"

"Ó wà nínú fóònù mi àtijọ́, mà. Ó bàjẹ́. Àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe."

"Tàn án."

Ó tàn án. Ó pẹ́ kó tó rí i. Mo ń gbọ́ bí adìẹ ṣe ń họ ilẹ̀ lẹ́yìn àtíbàbà. Nígbà tó rí i, ó gbójú sókè, ó wò mí.

Judith gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ akọ̀wé rèé," ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni pè mí bẹ́ẹ̀ ní Iyansan. "Aago, méje. Iye epo, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún."

Fóònù náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bàbá Philemon dìde, ó ní òun fẹ́ ṣe ìtọ̀. Kò padà wá.

Màmá Dora kò mọ̀wé. "Kí ló wà nínú rẹ̀?" ó bèèrè.

"Èmi ni, Màmá," mo wí. "Mo yí i padà."

Ó ro ó.

"Ṣé Eunice mọ̀?"

"Rárá, Màmá."

"Ta lo ní ó ṣe é?"

"Mo ní kọ̀ǹpútà ni."

Ó mi orí. "Ó sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má bínú, pé ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú."

Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ń lọ sílé. Kò bú mi, kò ṣẹ́ èpè lé mi. Kò tún wo ẹ̀yìn.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Òkìkíolúwa nu ojú rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé itan. Ó fi iye tòótọ́ sí i lójú gbogbo wa, aago mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, iye epo méje. Kò pẹ́ tí ètò mẹ́ta fi jáde.

"Ẹ wá wò ó, Bàbá."

Aago wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú ewé iye epo náà wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo rò pé mi ò rí i dáadáa. Mo tún un kà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, méje ni. Ọ̀sẹ̀ méjì tún ṣẹ́kù fún nǹkan mìíràn.

"Méjèèjì ló wọlé," ó wí. "Kò sí èyí tó lé èkejì. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Mi ò bi í. Òun nìyẹn. Bàbá Philemon sọ pé ọ̀kan á ti èkejì jáde, mo gbà á gbọ́, nítorí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ tó lè sọ òtítọ́ fún mi wà ní Òkìtìpupa, ọmọ tó ni ín sì ń gbé ìpè mi nígbàkígbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, tí wọ́n bá rán yín pé kí ẹ lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, ẹ gbé e dé bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá aago ì bá gba Eunice là. Mo mọ̀ pé ó bèèrè rẹ̀, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fi dù ú.

Ẹ̀dà kejì ti jáde. Aago wà nínú rẹ̀. Mi ò tíì fi sórí fóònù mi.

Mi ò tíì yọ fọ́tò mi kúrò lójú ewé iye epo. Àwọn ará Èkó ṣì ń pè. Mo ṣì ń dá wọn lóhùn.

Mi ò tíì kọ ìwé pé mo fi ipò akọ̀wé sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n kọ ọ́.

Mi ò tíì bẹ Òkìkíolúwa nítorí ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn.

Mi ò tíì gba aṣọ tí Eunice fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà lọ́wọ́ Judith. Ó ti fọ̀ ọ́.

Mi ò tíì sọ fún Gideon. Ó wà nílé ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́, kọ̀ǹpútà ló sì ń kọ́.

Mi ò tíì lọ bá Màmá Dora.